Copernicus Browser: mo ti fi wo igbó àti oko agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ dáadáa, èrò mi rèé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ Copernicus Browser fún, ìyẹn wẹ́bsáìtì tí wọ́n ti ń wo fọ́tò ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà, nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá ilé wọn lọ, yálà Tákíè ni o, yálà Òkè-Àdó ni o, tàbí Òwódé lọ́hùn-ún ní Ọ̀yọ́, wọ́n á sún un mọ́lẹ̀ títí, páànù ilé wọn ò ní hàn, wọ́n á ní "kí leléyìí, Google ṣáà dáa jù ú lọ", wọ́n á sì pa á dé. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí wọn ò tíì dé ibi tí àǹfààní ẹ̀ wà rárá. Wọn ò ṣe wẹ́bsáìtì yìí torí àtiwo òrùlé. Wọ́n ṣe é ká lè rí bí ilẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni: ìgbà tí igbó bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ìgbà tó gbẹ, ibi tí iná gbà kọjá, ibi tí omi sún sẹ́yìn dé, ibi tí ewéko ti ń jẹun yó àti ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá wo ibì kan náà lóṣù oríṣiríṣi ló máa gbádùn ẹ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò kan ṣoṣo kò tíì rí nǹkan kan.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, European Union, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ló ni ètò tí wọ́n ń pè ní Copernicus, àwọn ló sì ni àwọn sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ Sentinel. Èyí tí mo ń lò jù ni Sentinel-2. Wọ́n ju àkọ́kọ́ sókè ní oṣù kẹfà 2015, èkejì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta 2017, wọ́n tún fi òmíràn ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2024. Kìlómítà 786 ló fi jìnnà sókè sí wa, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ló máa ń gba orí wa kọjá, fífẹ̀ ilẹ̀ tó sì máa ń yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kìlómítà 290, ìyẹn ju láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó lọ. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń padà wá síbì kan náà. Kóbọ̀ wọn ò gbà. Ẹ ṣáà fi ímeèlì yín ṣí àkántì ọ̀fẹ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba fáìlì sílẹ̀, ó parí.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí kámẹ́rà fóònù wa ni pé oríṣi ìmọ́lẹ̀ 13 ló ń gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nìkan, ó ń gba infrared náà, èyí tí ojú èèyàn ò lè rí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ewé tó wà láàyè máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, torí ó wà lára ohun tó fi ń ṣe oúnjẹ ẹ̀, àmọ́ infrared tó wà nítòsí pupa yẹn ò wúlò fún un, inú ewé á dá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ padà sókè. Ewé gbígbẹ ò lè ṣe báyẹn, ilẹ̀ lásán náà ò lè ṣe é. Torí náà, wọ́n mú infrared, wọ́n yọ pupa kúrò lára ẹ̀, wọ́n wá fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín in, iye tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní NDVI. Kì í ju 1 lọ, kì í sì í wálẹ̀ kọjá òdì 1. Omi sábà máa ń wà lábẹ́ òdo, ilẹ̀ tí nǹkan kan ò hù sí á wà lókè òdo díẹ̀, igbó tó dì dáadáa á sún mọ́ 0.8 tàbí 0.9. Ẹ ò ní ṣe ìṣirò kankan o, ẹ ṣáà tẹ NDVI lápá òsì, àwọ̀ á yí padà fúnra ẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe àwòrán aláràbarà lásán. Ní 1972 John Monteith, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ewéko ilẹ̀ olóoru bíi tiwa níbí, ó ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewéko bá rí gbà sára ló máa sọ bó ṣe máa dàgbà tó, tí òùngbẹ tàbí àìsí oúnjẹ nínú ilẹ̀ ò bá dí i lọ́wọ́. Oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ sókè. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, Compton Tucker àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní NASA mú sátẹ́láìtì tí wọ́n ṣe fún ojú ọjọ́, wọ́n fi wo bí Áfíríkà lódindi ṣe ń rúwé tó sì ń gbẹ láàárín ọdún. Wọ́n wá rí i pé ẹ lè jókòó síbì kan kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń mú èso jáde dáadáa àti ibi tó ti rẹ̀ ẹ́. Nǹkan tí àwọn yẹn fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣe nígbà yẹn, ẹ lè ṣe é lónìí nínú yàrá yín lórí lápútọ́ọ̀pù, ó sì tún máa ṣe kedere ju tiwọn lọ fíìfíì, torí mítà 10 sí mítà 10 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára fọ́tò NDVI ti Sentinel-2.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Old Oyo National Park, èyí tí ọ́fíìsì àgbà wọn wà ní Ìsokùn ní Ọ̀yọ́, kìlómítà 2,512 níbùú lóròó ni, inú ẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ rìn ín tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ibi tí mọ́tò ò dé níbẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo mú fọ́tò oṣù kẹwàá sí apá kan, mo mú ti oṣù kìíní sí apá kejì, Compare ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ tó ń ṣe é, ìlà kan á wà láàárín tẹ́ ẹ lè fà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún. Ti oṣù kẹwàá, gbogbo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ ò lè mọ ibi tí koríko parí sí àti ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fa ìlà yẹn kúrò kí ti oṣù kìíní yọ. Koríko ti kú pátápátá. Etí odò Ògùn àti àwọn odò kéékèèké tó ń sàn wọ inú ẹ̀ nìkan ló ṣì tutù, torí gbòǹgbò igi etídò ṣì ń rí omi fà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ lè fi ìka tẹ̀ lé odò náà láti orí dé ìdí láìrí omi kankan lójú.

Mo wá yí i sí SWIR, ìyẹn infrared tó tún jìnnà sí pupa ju ti NDVI lọ, ibẹ̀ ni mo ti rí ipa iná. Ibi tó jó á dúdú kirikiri, etí ẹ̀ á sì gún régé níbi tí odò tàbí àpáta ti dá iná náà dúró. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ tún tẹ òmíràn, ẹ máa rí i bí dúdú yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ láti igun kan tó sì ń fẹ̀ lọ. Èyí tó tún wá yà mí lẹ́nu ni ti àkọ́rọ̀ òjò. Nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ balẹ̀, ibi tó jó gan-an ló máa ń kọ́kọ́ tutù, ó máa ń ṣáájú ibi tí koríko gbígbẹ ṣì dúró sí, torí ọ̀mùnú koríko ti rí oòrùn, kò sí pàǹtírí lórí ẹ̀. Ọdẹ ayé àtijọ́ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ dúró de ẹran níbẹ̀, àmọ́ kí èmi jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí n rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ káàkiri igbó lẹ́ẹ̀kan náà, ara mi ya gágá.

Àsìkò tí iná jó náà ṣe pàtàkì o, ibi tí ọjọ́ márùn-ún márùn-ún yẹn ti wúlò nìyẹn. Iná oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá kì í gbóná tó ti oṣù kẹta, torí koríko ò tíì gbẹ tán, igi kéékèèké lè yè é. Iná oṣù kẹta ló máa ń pa ọmọ igi. Kì í ṣe àsọdùn, ìdí wà ńlẹ̀: ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wọ́n ti pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta láti 1929, wọ́n ń tètè sun ọ̀kan, wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó sun ìkejì, wọn ò jẹ́ kí iná kan ìkẹta. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí iná ò kàn di igbó, èyí tí wọ́n ń pẹ́ sun ṣì jẹ́ ọ̀dàn gbalasa. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá wá mọ̀ pé apá kan báyìí nínú igbó ń jó lóṣù kẹta lọ́dọọdún, ẹ ti mọ ibi tí igi ẹ̀mì àti igi irúgbá ò ti ní rí ọmọ rọ́pò ara wọn lọ́jọ́ iwájú.

Ti oko wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan gbin kajú sí ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, ó pè mí, ó ní "Àbúrò, ṣé sátẹ́láìtì yín yẹn lè sọ ìdí tí kajú apá òkè ò fi so dáadáa?" Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, kò lè sọ ìdí fún yín, àmọ́ ó lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀." Kajú kì í wọ́wé tán lẹ́ẹ̀rùn, torí náà tẹ́ ẹ bá wo fọ́tò oṣù kìíní, oko kajú máa ń dá yàtọ̀ láàárín ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ ò ní wá a rárá. A fa ìlà yí apá òkè ká, a fa ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, a tẹ ibi tí wọ́n ti ń ya grafu jáde. Nígbà òjò, ìlà méjèèjì ń lọ pọ̀ ni. Bí òjò bá ṣe ń dá báyìí, ti apá òkè á ti jábọ́, ti ìsàlẹ̀ á ṣì wà lókè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Moisture index, èyí tó ń wo omi inú ewé, náà sọ ohun kan náà, apá òkè ti pupa nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì wà ní búlúù. A mú ọkọ́, a lọ gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún wò. Kò jìn rárá tí ọkọ́ fi kan òkúta, kagẹ ló dún, a sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kagẹ náà ni. Ẹ̀gbọ́n dúró, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Háà! Gbogbo ajílẹ̀ tí mo ti ń dà síbí yìí." Wọn ò gbin kajú kún un lápá ibẹ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ọkọ́ ló parí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe sátẹ́láìtì. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá máa lò ó fi sọ́kàn nìyẹn. NDVI ò mọ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí èkan. Ilẹ̀ tí wọ́n pa tì tí ewé Akíntọ́lá ti bò mọ́lẹ̀ lè tutù ju oko àgbàdo tí wọ́n ń tọ́jú lọ, tẹ́ ẹ bá gbé e fún báńkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pé oko yín nìyẹn, fọ́tò ò ní tú àṣírí yín, àmọ́ irọ́ ni. Igi kan ṣoṣo tí wọ́n gé fún èédú náà kì í hàn, ìyẹn sì dùn mí jù torí bí èédú ṣe ń jẹ igbó apá Òkè-Ògùn nìyẹn, igi ẹ̀mì kan lónìí, igi àyìn kan lọ́la, kì í ṣe kí wọ́n rọ́ gbogbo igbó palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mítà 10 ò tó láti mú ìyẹn. Nínú igbó tó dì gan-an pàápàá NDVI á ti kún, bí ewé bá tiẹ̀ tún pọ̀ sí i kò ní gòkè mọ́.

Ti omi ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ yí i sí NDWI, èyí tó ń fi omi hàn, kẹ́ ẹ wo dáàmù Ẹrelú ní Ọ̀yọ́ tàbí Ikere Gorge lápá Ìsẹ́yìn, ẹ fi oṣù kẹwàá wé oṣù kẹta, ẹ máa rí etí omi tó sún sẹ́yìn ketekete. Irinṣẹ́ ìwọ̀n wà lápá ọ̀tún tẹ́ ẹ lè fi mọ bí omi ṣe fẹ̀ tó. Ó dáa, ó yá kíákíá.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni kùrukùru. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, àsìkò tí ewéko ń ṣiṣẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, àsìkò yẹn náà ni ìkúùkù ń bo ojú ọ̀run, ẹ lè tẹ ọjọ́ kan tẹ òmíràn kó jẹ́ funfun lásán ni. Kì í ṣe ẹ̀bi wẹ́bsáìtì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń lò, kò lè rí ìdí ìkúùkù. Ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè dín ìkúùkù kù kó tó wá fọ́tò fún yín, ẹ fi sí bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún, á rọ̀ yín lọ́rùn. Tó bá sì wá di dandan kẹ́ ẹ rí nǹkan lóṣù kẹjọ, ẹ lọ sí Sentinel-1. Ìyẹn ń lo rédà, òun fúnra ẹ̀ ló ń ju ìtànṣán tiẹ̀ sílẹ̀ tó ń gbà á padà, ìkúùkù tàbí òru ò dí i lọ́wọ́, omi tó parọ́rọ́ máa ń dúdú nínú ẹ̀, torí náà ó dáa fún àkúnya omi. Dúdú òun funfun ni ṣá, ó máa ń gba àkókò kí ojú tó mọ̀ ọ́n kà. Ti ọyẹ́ tún wà. Eruku ọyẹ́ máa ń bo àwọ̀ mọ́lẹ̀, torí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan L1C tàbí L2A, ẹ yan L2A, èyí ni wọ́n ti gbìyànjú láti yọ ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹ̀.

Fóònù ń gbé e o, àmọ́ mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀ pọ̀ jù fún ojú kékeré, ẹ lo lápútọ́ọ̀pù. Tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń ṣe ségesège bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́, fọ́tò á máa wọlé ní díẹ̀díẹ̀, òru tàbí ìdájí ni mo máa ń ṣe tèmi. Ẹ má kàn ṣèèṣì tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba odindi fáìlì, ọ̀kan lè sún mọ́ 1 GB. Àwòrán tẹ́ ẹ rí lójú yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ gbà, ó kéré gan-an. Yorùbá ò sí níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì le díẹ̀ fún ẹni tí ò kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ igbó níwèé, mo sì gbà pé nǹkan tó kù fún un nìyẹn jù, torí àgbẹ̀ tí ì bá jàǹfààní ẹ̀ gan-an ò lè dá a lò láìsí ọmọ tó máa tẹ̀ ẹ́ fún un.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò ayé àtijọ́ tó ṣáájú 2015, Landsat ni kẹ́ ẹ lọ wá lọ́dọ̀ USGS, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, láti 2008 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, mítà 30 ni èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn. Ewé tó bá rí omi mu máa ń làágùn, òógùn yẹn ló sì ń mú ara ẹ̀ tutù gẹ́gẹ́ bíi tèèyàn, ECOSTRESS tí Amẹ́ríkà gbé lọ sí ibùdó táwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbé lókè ní 2018 ń wọn ooru ara ewé yẹn, ẹ̀ẹ́ mọ ibi tí òùngbẹ ti ń gbẹ igbó kí àwọ̀ ẹ̀ tó yí padà. GEDI náà gun òkè lọ́dún yẹn, iná laser ló ń jù sílẹ̀ láti mọ bí igi ṣe ga tó. Àwọn yẹn ni wọ́n ń sọ ohun tí NDVI ò lè dá sọ. Àwa náà ò sì kẹ̀rẹ̀ o, Nàìjíríà ju NigeriaSat-1 sókè ní oṣù kẹsàn-án 2003, NigeriaSat-2 tẹ̀ lé e ní 2011, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí sì wà ní Ilé-Ifẹ̀ nínú ọgbà OAU láti 1972, RECTAS ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, AFRIGIST ló ń jẹ́ báyìí. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá fẹ́ràn ilẹ̀ àti kọ̀ǹpútà pa pọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá wà ńbẹ̀.

Máàkì tèmi, 4 nínú 5. Mo yọ ọ̀kan torí èdè àti torí pé kò sí nǹkan tó ń fa ẹni tuntun lọ́wọ́ wọlé. Tó bá jẹ́ ti iye nǹkan tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni, mi ò rí ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ wá ibì kan tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, ì báà jẹ́ oko bàbá yín, ì báà jẹ́ etí odò Ọ̀bà. Ẹ mú L2A, ẹ mú ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ ní oṣù kọkànlá, ẹ mú òmíràn ní oṣù kejì, ẹ gbé méjèèjì sínú Compare lórí NDVI. Ibi tó bá yí padà jù àti ibi tí ò yí padà rárá, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbéra lọ síbẹ̀ lọ wo ohun tó hù níbẹ̀. Ẹ fi fọ́tò àti ohun tẹ́ ẹ bá rí síbí, mo máa bá yín kà á, pàápàá ẹ̀yin ará Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Kíṣí, torí mi ò mọ ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ yín tó bí mo ṣe mọ tibí.